Ìjì Yolanda ní ọdún 2013: bí àwọn ará Leyte àti Samar ṣe di ara wọn mú

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, tó mọ́, ìjì líle kan tí àwọn ará Fílípíìnì sọ ní Yolanda, tí gbogbo ayé tó kù ń pè ní Haiyan, kọ lu ìlú Guiuan ní etí òkun ìlà-oòrùn Samar, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Fílípíìnì. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà díwọ̀n eré afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 315 ní wákàtí kan, eré tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ìjì díẹ̀ ló tíì sá irú rẹ̀ dé orí ilẹ̀. Láti Guiuan ó kọjá sí àwọn erékùṣù mìíràn: ó kọjá sí Leyte, ó gba àríwá Cebu àti Panay, ó sì dé Palawan lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà parí ìṣirò, 6,300 ènìyàn ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kú, àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000, àwọn tó fara pa lé ní 28,000, ilé tó bàjẹ́ tàbí tó wó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1, àwọn tó sì sá kúrò nílé wọn lé ní mílíọ̀nù 4.

Ìròyìn ìparun náà ti tàn ká ayé. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí ni ohun tí àwọn ènìyàn náà ṣe fún ara wọn, láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn títí wọ inú ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí mo gbà pé a kì í sábà sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọ̀pọ̀ oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti ń sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n bí ará Fílípíìnì pẹ̀lú ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín láàárín òkú àti àlàpà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún ara wọn ní ètò, ó ní àṣà tí wọ́n ti ń dá kí ìjì tó dé, ó ní gbèsè oore tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń kéde pé ìjì náà ń bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 7, Ààrẹ Benigno Aquino Kẹta fúnra rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n orúkọ òyìnbó tí wọ́n fi ń pe ewu omi náà, «storm surge», kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tacloban ní Leyte, ìlú tó tóbi jù lọ ní agbègbè náà. Ẹni tó ń sọ Waray, èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀, láti kékeré mọ ìjì, ó mọ òjò, ó sì mọ ìkún omi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí kò gbé àwòrán kankan wá sí ọkàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un lédè tó yé e pé ìjì lè gbé òkun dìde kó sì tì í wọ àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó là á já ló sọ lẹ́yìn náà pé ká ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé ohun tó ń bọ̀ yóò dà bíi sùnámì ni, àwọn ìbá ti gba orí òkè lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ìyá kó àwọn ọmọ lọ sí ibùdó ààbò, bàbá sì dúró ṣọ́ ilé nítorí olè. Omi tó ga tó mítà márùn-ún, tó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ibì kan, ya wọ ìlú. Ó bá àwọn mìíràn nínú ibùdó ààbò gan-an, ó sì pa wọ́n níbẹ̀. Ní àdúgbò Anibong, ó gbé àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá gun orí ilé àwọn ènìyàn.

Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, kò sí ìjọba tí ènìyàn lè ké sí. Èmi kò sọ èyí láti bú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Tacloban, nítorí àwọn náà wà nínú omi. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì àti panápaná ni kò lè yọjú síbi iṣẹ́ nítorí pé òkú ìyàwó tàbí ti ọmọ ni wọ́n ń wá. Iná mànàmáná kò sí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kú, pápákọ̀ òfurufú bàjẹ́, igi àti pákó sì dí gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó wà nítòsí ni aládùúgbò. Òun ló fi ọwọ́ tú àlàpà ká láti yọ ẹni tó há sábẹ́ rẹ̀, òun ló gbé arúgbó pọ̀n la ẹrẹ̀ kọjá, òun náà ló da ìrẹsì tó ti rin pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn kí wọ́n lè sè é nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Àwọn ilé ìjọsìn tí ògiri wọn ṣì dúró ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ilé ìjọsìn àwọn àlùfáà Redemptorist ní Tacloban di ilé fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ilé eré ìdárayá ńlá tí wọ́n ń pè ní Astrodome sì kún fọ́fọ́.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan olè jíjà pẹ̀lú, nítorí pé òun ni àwòrán àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n já ilé ìtajà, wọ́n kó oúnjẹ, àwọn kan sì kó ohun tí ẹnu kò lè jẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, àwọn ènìyàn ya bo ilé ìkẹ́rùsí ìrẹsì ìjọba kan ní ìlú Alangalang ní Leyte, ògiri wó, ó sì pa ènìyàn mẹ́jọ. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, tó sì mọ̀ pé àpò ìrẹsì wà lẹ́yìn ògiri, èmi kò ní ọ̀rọ̀ ìdálẹ́bi fún un. Ìfẹ́ ọmọnìkejì kò lè fi oúnjẹ tí kò sí bọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí gbogbo aládùúgbò ti ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí wọ́n lè fún ara wọn kò pọ̀, wàhálà Tacloban ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà sì nìyẹn.

Àwọn ará Fílípíìnì ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Bayanihan ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ó jáde láti ara bayan, tó túmọ̀ sí ìlú tàbí orílẹ̀-èdè. Àwòrán tí wọ́n máa ń yà fún un ni ti odidi ilé tí ogún tàbí ọgbọ̀n ọkùnrin fi ọ̀pá ọparun gbé léjìká lọ sí ibòmíràn, nígbà tí onílé ń se oúnjẹ dè wọ́n. Ẹni tó bá ti bẹ ọ̀wẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Leyte, tiklos ni orúkọ irú iṣẹ́ àjọṣe yìí láàárín àwọn àgbẹ̀. Ní Samar, wọ́n ń pè é ní pintakasi. Ọ̀rọ̀ kejì, damay, ló tilẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí òun ni pé kí ìyà ẹlòmíràn kàn ọ́, kí o wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, damay ni ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní San Joaquin, abúlé kan ní etí òkun ní ìlú Palo ní Leyte. Òkú pọ̀ jù ohun tí itẹ́ òkú lè gbà, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ. Àwọn ará abúlé gbẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé ìjọsìn wọn, wọ́n sì sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn síbẹ̀, wọ́n ri àgbélébùú mọ́ ọn, wọ́n kọ orúkọ sí i lára. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ tiwọn tún bá aládùúgbò gbẹ́ ilẹ̀ fún ti rẹ̀. Ní Tacloban, níbi tí ìlú ti tóbi, ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n gbé lọ sí sàréè àjùmọ̀sìn láìsí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Mo ka ìyàtọ̀ yìí sí ohun tó ṣe pàtàkì: níbi tí àwọn ènìyàn bá ti mọ ara wọn, òkú pàápàá kò sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó Tulang Diyot, erékùṣù kékeré kan lára àwọn erékùṣù Camotes tó wà lábẹ́ àkóso ìlú San Francisco ní ìpínlẹ̀ Cebu. Àwọn olùgbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 1,000, ilé wọn sì tó nǹkan bí 500. Nígbà tí Yolanda kọjá, gbogbo ilé náà ló wó. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó kú. Ṣáájú ìjì ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó gbogbo olùgbé ibẹ̀, láti orí ìkókó dé orí arúgbó, lọ sí erékùṣù ńlá.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìjì náà. Ní Fílípíìnì, ìjọba tó kéré jù lọ ni barangay, tó dà bí àdúgbò tàbí abúlé, tó ní olórí tí wọ́n dìbò yàn. Barangay kọ̀ọ̀kan tún pín sí purok, ìyẹn ojúlé bíi mélòó kan tó wà pa pọ̀. Ní San Francisco, wọ́n sọ purok di ẹgbẹ́ gidi, wọ́n yan olórí fún un, wọ́n sì ń pàdé déédéé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sí àpò kan, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dá àjọ, ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá sì dé bá lè yá níbẹ̀. Wọ́n ń fi purok kó ìdọ̀tí, wọ́n ń fi gbin ọgbà ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń fi ka iye àwọn arúgbó, àwọn aláboyún àti àwọn tí kò lè dá rìn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò gbé ẹni tí nígbà tí ewu bá dé. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ìlú náà ní ẹ̀bùn Sasakawa, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń dín ewu àjálù kù sí. Nígbà tí àṣẹ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 pé kí gbogbo ènìyàn kúrò ní Tulang Diyot, kì í ṣe ọlọ́pàá àjèjì ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Olórí purok ni, ẹni tí wọ́n ti jọ ń dá owó, tó mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn. Àṣẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ òyìnbó kí ó tó yé ni.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni àwọn tí ìjì kò kàn dé. Ọkọ̀ òfurufú ológun ń kó àwọn tó fẹ́ kúrò ní Tacloban lọ sí ibùdó Villamor ní Pasay, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manila. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láìní bàtà, tí aṣọ ọjọ́ ìjì ṣì wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Àwọn ará Manila tó yọ̀ǹda ara wọn dúró dè wọ́n tọ̀sán tòru pẹ̀lú oúnjẹ gbígbóná, aṣọ, sálúbàtà àti fóònù tí wọ́n lè fi pe ìbátan. Láti inú èyí ni ètò kan tí wọ́n pè ní Oplan Hatid ti jáde. Hatid ni kí a sin ènìyàn dé ibi tó ń lọ. Àwọn aládàáni mú ọkọ̀ ara wọn wá, wọ́n fi epo ara wọn sí i, wọ́n sì ń gbé àwọn àjèjì yìí délé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn, bí ilé náà tilẹ̀ jìnnà sí Manila. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ètò náà ni pé ó rántí pé ẹni tó bọ́ nínú ìjàǹbá kò tíì délé nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀. Ní Pasay kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń tò sórí ìlà níwájú ilé ìkẹ́rùsí ìjọba láti di ìrẹsì, ẹja inú agolo àti núdùlù sínú àpò fún àwọn tí wọn kò mọ̀ rí.

Àwọn tó wà lókè òkun kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2013 nìkan, owó tí àwọn ará Fílípíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè fi ránṣẹ́ sílé sún mọ́ bílíọ̀nù 23 dọ́là. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong, lébìrà ní Saudi Arabia, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ wọn lo ọjọ́ mélòó kan lórí Facebook àti lórí ètò tí Google ṣe fún wíwá ènìyàn, tí wọ́n ń wá orúkọ ìyá wọn nínú orúkọ àwọn tó yè. Lẹ́yìn náà, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, pẹ̀lú àpótí balikbayan, páálí ńlá tí wọ́n máa ń di oúnjẹ, aṣọ àti ọṣẹ sí. Owó yìí ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé láti ra páànù, kí ìrànlọ́wọ́ àwọn àjọ ńlá tó délẹ̀. Kò dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn lọ́gbọọgba, nítorí ìdílé tí kò ní ọmọ nílẹ̀ òkèèrè kò rí páànù rà. Níbẹ̀ ni ó ti di dandan kí ẹni tó rí gbà wo ojú ẹni tí kò rí, kí ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀.

Pípalẹ̀ ìlú mọ́ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ Búdà kan láti Taiwan, Tzu Chi, ń san pésò 500 lójúmọ́, tó ju owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ ní agbègbè náà, fún ẹnikẹ́ni ní Tacloban tó bá jáde wá palẹ̀ àdúgbò rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jáde lójúmọ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọwọ̀. Àwọn kan bi í léèrè pé ṣé ìfẹ́ aládùúgbò ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí. Èmi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó, tí kò ní owó kankan, kò lè fi ọjọ́ mẹ́wàá ro ẹrẹ̀ ojú pópó lọ́fẹ̀ẹ́ kí ebi má pa ọmọ rẹ̀. Owó náà fún un ní ìrẹsì, ó tún jẹ́ kí ọjà kéékèèké ṣí padà, ìlú sì di ibi tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Guiuan, rédíò àdúgbò kan tó ń jẹ́ Radyo Bakdaw bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí, ó ń sọ ní èdè Waray ibi tí oúnjẹ wà àti ẹni tó ń wá ẹni. Lẹ́yìn ohun tí èdè àjèjì ti fà ní ọjọ́ ìjì, kò sí ìrànlọ́wọ́ tó bọ́gbọ́n mu jù èyí lọ.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 33 igi àgbọn ló wó. Àgbọn ni owó ilé ìwé, owó oògùn àti oúnjẹ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì tún gbìn kì í so kí ó tó di ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwọn igi tó ṣubú náà ni kòkòrò yóò fi ṣe ilé bí wọ́n bá jẹrà. Nítorí náà wọ́n là wọ́n sí pákó, wọ́n sì fi pákó náà kọ́lé, lónìí ní ti ẹnì kan, lọ́la ní ti ẹnì kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe tiklos lórí oko.

Ìyìn tí wọ́n ń rọ́ lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lórí bí wọ́n ṣe lè fara da ìyà wá di ohun tó ń bí àwọn fúnra wọn nínú. Olóṣèlú tó bá ń sọ pé ará ìlú lágbára kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ìdílé fi ṣì wà nínú àgọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ìjà ìṣèlú tó wà láàárín ìdílé Ààrẹ Aquino àti ìdílé Romualdez, tí olórí ìlú Tacloban nígbà náà ti jáde, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìjọba fòfin de ilé kíkọ́ láàárín mítà 40 sí etí òkun, ṣùgbọ́n ilé tuntun ní àríwá ìlú falẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà sì jìn sí ibi tí apẹja ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ní oṣù Kíní ọdún 2014, àwọn tó là á já kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní People Surge, wọ́n sọ orúkọ omi tó pa ènìyàn wọn di orúkọ ara wọn, wọ́n sì wọ́de lọ béèrè pé kí ìjọba fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní pésò 40,000. Wọn kò rí i gbà bí wọ́n ṣe béèrè. Síbẹ̀, mo ka ìwọ́de náà mọ́ ìfẹ́ aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ka ìkòkò ìrẹsì ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, nítorí gbígbé ilé ẹnìkejì léjìká kò ní kí a má bi ẹni tó yẹ kó kọ́ ọ léèrè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ìjì Hagupit, tí wọ́n sọ ní Ruby nílé, dorí kọ Samar. Àwọn tó kúrò nílé ṣáájú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ìkìlọ̀ ti yí padà, wọ́n ń sọ iye mítà tí omi lè ga dé ní etí òkun kọ̀ọ̀kan. Ní Tacloban, àwọn tó ń gbé inú àgọ́ àti ahéré pákó kó ẹní, àpò ìrẹsì àti àwọn arúgbó wọn lọ sí ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti ilé ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ tó ní ògiri líle, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.